LEGO àbí Barbie: èwo ni orí pé jù?

Káfíńtà ni Ole Kirk Christiansen, ẹni tó dá LEGO (ilé iṣẹ́ bíríkì ìṣeré ọmọdé) sílẹ̀, ní ìlú Billund lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì. Ọdún 1932 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé. Ruth Handler ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ló wà. Òun, ọkọ rẹ̀ Elliot àti Harold Matson ló dá Mattel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọláńgidi Barbie, sílẹ̀ ní 1945.

Ohun tó gbé LEGO débi tó dé kéré lójú. Ẹ da bíríkì rẹ̀ kan dojú dé, ẹ ó rí ọ̀pá oníhò róbótó nínú rẹ̀. Òun ló ń di kókó orí bíríkì ìsàlẹ̀ mú pinpin, síbẹ̀ ọwọ́ ọmọdé lè tú u. Godtfred, ọmọ Ole, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1958, bíríkì ìgbà yẹn sì ṣì bá ti òní mu. Mẹ́fà péré, aláwọ̀ kan náà, oníkókó mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n lé ní 915 mílíọ̀nù! Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́, mi ò rí èyí tó jù ú.

Ọgbọ́n ọjà ni ti Ruth. Ó rí Barbara ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọmọláńgidi onípépà ṣeré àgbàlagbà, ìkókó sì ni ọ̀pọ̀ ọmọláńgidi tó wà lórí àtẹ. Lilli, ọmọláńgidi Jámánì kan, ló wò ṣe Barbie (ẹ má jẹ́ ká purọ́, kì í ṣe àtinúdá pátápátá), ó sì gbé e jáde ní New York ní oṣù Kẹta 1959. Ẹ̀ẹ̀kan lòbí ń ra Barbie. Aṣọ àti bàtà rẹ̀ ni kì í tán.