Mo kọ 10T, ó ka 10: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo irinṣẹ́ kan

Oṣù kẹjọ rèé tí a ti ń kó fáìlì wa sórí ètò yìí, èyí tó ń fọ́n fáìlì ká orí ọ̀pọ̀ sáfà. Mi ò ní sọ ti bó ṣe yára tó tàbí iye ẹ̀dà tó ń ṣe. Gbogbo ìyẹn wà lójú ìwé wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ fi kún ààyè fódà kan ló jẹ́ kí n kọ eléyìí.

Fódà náà ti gba tẹ́rábáìtì 7, quota rẹ̀, ìyẹn ààyè tí kò gbọdọ̀ kọjá, sì jẹ́ 8. Mo fẹ́ sọ ọ́ di 10. Mo tẹ àṣẹ náà sínú terminal, mo kọ 10T sí ìparí rẹ̀, mo tẹ Enter. "OK" ló fi dá mi lóhùn. Kò béèrè nǹkan kan, kò kìlọ̀, exit code rẹ̀, nọ́ńbà tí àṣẹ fi ń sọ bó ṣe parí, sì jẹ́ 0, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Mo lọ sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan sínú fódà yẹn ti dúró, "Disk quota exceeded" (ó ti kọjá quota) kún inú log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bámúbámú. Mo wo quota: 10. Kì í ṣe tẹ́rábáìtì 10 o, báìtì 10! Orúkọ fáìlì lásán gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ka 10, ó ju T nù, ó wá sọ fún mi pé òun ti ṣe é. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ká ní ó kọ̀ fún mi ni, ǹ bá kọ 10995116277760 tó ń fẹ́, ìyẹn tẹ́rábáìtì 10 ní báìtì, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó oníbàárà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa sáfà, kí n tún un tàn. Bẹ́ẹ̀, mo ti fi àṣẹ tí mo tẹ̀ àti ìdáhùn tí mo rí ránṣẹ́; kò kà á. Ẹnìkejì kà á, ó wá ṣe ẹ̀dà gbólóhùn kan láti inú ìwé ìtọ́nisọ́nà fún mi: báìtì ni kí ẹ fi kọ iye quota. Mo béèrè pé, "Tó bá jẹ́ dandan, kí ló dé tí irinṣẹ́ yín gba 10T lọ́wọ́ mi?" Wákàtí mẹ́ta gbáko, kò sí èsì.

Àfìgbà tí ẹlẹ́rọ kan bọ́ sí i. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni: "Ẹ má bínú, àwa la jẹ̀bi." Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, 10T, 10abc, gbogbo rẹ̀ ló ń di 10. Ó ṣàlàyé pé atoi ti C, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ń sọ ohun tí èèyàn tẹ̀ di nọ́ńbà. Tí atoi bá ń ka nọ́ńbà lọ tó sì kan lẹ́tà, á dúró síbẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Strtol, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà nínú C, ní tirẹ̀ máa ń fi ibi tó ti dúró hàn, kí èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan ṣẹ́kù. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀dà tuntun irinṣẹ́ náà dé. Mo tẹ 10T, ó gbà á bó ṣe yẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ 10X: ó ní òun ò mọ X, ó to àwọn lẹ́tà tí òun mọ̀ sílẹ̀ fún mi, exit code náà kì í ṣe 0 mọ́. Inú mi dùn gan-an, mo sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ibì kan. Irinṣẹ́ tí mo ń fi tẹ àṣẹ nìkan ni wọ́n tún ṣe. Sáfà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn fódà kò yí padà. Tí kọ̀ǹpútà kan tó ṣì ń lo ẹ̀dà àtijọ́ bá fi 10 ránṣẹ́ lónìí, á gbà á, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé tẹ́rábáìtì 7 wà nínú fódà náà. Kí ló ṣòro nínú kó béèrè pé ṣé ó dá yín lójú? Lórí Ceph, ètò kan tó ń kó dátà sórí ọ̀pọ̀ sáfà, ẹni tó bá fẹ́ pa pool (ibi tí wọ́n kó dátà jọ sí) rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò tún fi --yes-i-really-really-mean-it tì í. Àwọn kan ń ráhùn pé ó ti pọ̀ jù. Èmi ò ní ráhùn láé.

Ẹlẹ́rọ náà ní iṣẹ́ ti sáfà ti wà lórí tábìlì àwọn. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Máàkì: 4 nínú 5.