Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin oníṣòwò Àjàṣẹ́: ẹni tó bá yín ṣe CRM kò gbọdọ̀ mú àṣẹ àgbà lọ

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀yin Kétu, ẹ̀yin Ṣábẹ̀ẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìgòlò. Ọkùnrin kan ń wọ ṣọ́ọ̀bù kiri láti ìgbà tí nọ́ńbà fóònù wa ti di onífígọ̀ 10. Ó ní òun á bá yín gbé ìwé oníbàárà yín sórí kọ̀ǹpútà, sínú ètò tí wọ́n ń pè ní CRM, òun á fi 01 síwájú nọ́ńbà gbogbo wọn, ètò náà á sì máa rán àwọn tó ra àwìn létí fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Faransé, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyálọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kówó fún un kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

N kò dárúkọ rẹ̀ síbí nítorí pé ẹ̀sùn rẹ̀ ti wà níwájú àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ, àti pé orúkọ ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni kí ẹ dá mọ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń bá àwọn ṣọ́ọ̀bù ṣe lágbègbè Ouando. Àǹtí kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ló kọ́kọ́ ké sí mi pé ohun tí òun fẹ́ ṣe nínú ìwé oníbàárà òun, ètò náà ò gbà fún òun. Kò pẹ́ sí i, bàbá kan tó ń ta símẹ́ńtì pè mí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páàtì alùpùpù. Ọwọ́ kan náà ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó tà fún wọn ni wọ́n ń pè ní CRM: orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tó rà, gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ tó ṣèlérí pé òun á san, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ohun tó dára gan-an ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ yìí padà sí ìwé kékeré tí eku ń jẹ. Owó “licence” ọdọọdún, ìyẹn owó àṣẹ láti lo ètò, 180.000 fráǹkì, ló gbà lọ́wọ́ àǹtí aláṣọ. Nígbà tí mo wò ó, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Dolibarr ló wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Dolibarr, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan owó licence fún ẹnì kankan. Ti bàbá onísímẹ́ńtì jẹ́ Zoho, ètò CRM mìíràn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìpele ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Zoho fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn 3 lò, ó sì gba owó licence lórí ìyẹn náà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yẹ kó gba owó iṣẹ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba owó ọdọọdún lórí ohun tí ẹni tó ni ín fi ṣe ọ̀fẹ́, olè ni mo pè é.

Síbẹ̀, ohun tó ká mi lára ju owó lọ ni ọ̀rọ̀ àṣẹ.

Nínú irú ètò yìí, ó yẹ kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé ní àkáǹtì tirẹ̀, kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ẹnì kan lè wo orúkọ oníbàárà, kó má lè tún un kọ. Ẹlòmíì lè tún un kọ, kó má lè pa á rẹ́. Àṣẹ tó léwu jù ni èyí tí wọ́n kọ “Exporter” sí, nítorí ẹni tó bá ní in lè kó gbogbo oníbàárà yín jáde sínú fáìlì Excel kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Lókè gbogbo wọn ni “Administrateur” wà, òun ni mo pè ní àṣẹ àgbà, òun ló ń fúnni ní àṣẹ, òun ló sì ń gbà á. Ọkùnrin yìí ṣe àkáǹtì kan fún àǹtí aláṣọ, ó kọ “Directrice générale” (ọ̀gá àgbà) sí i, inú àǹtí dùn. Orúkọ lásán ni. Àkáǹtì náà kò lè fi ọmọ iṣẹ́ tuntun kún un, kò lè ti ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ta, kò lè kó ìwé oníbàárà àǹtí fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́ o, ètò kò mọ ipò, ohun tí wọ́n sàmì sí lábẹ́ orúkọ yín ló mọ̀. Ẹni tí wọ́n pè ní “Stagiaire” (ẹni tó ń kọ́ṣẹ́) lè jẹ́ ọba níbẹ̀, kí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù má lágbára kankan.

Ti Zoho tún burú sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Super Admin, ẹnì kan ṣoṣo ni, òun nìkan ló sì lè gbé ipò náà fún ẹlòmíì. Ímeèlì ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣí i fún bàbá onísímẹ́ńtì. Káfíńtà tó bá yín ṣe ilẹ̀kùn kì í mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, kó máa gba owó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé.

Owó yẹn gan-an ló sì ń gbà. Ó ṣe ìlànà kan fún àǹtí pé tí ọjà àwìn bá ti kọjá 200.000 fráǹkì, kí ó dúró ní “Brouillon” (ohun tí a kò tíì fọwọ́ sí) títí ẹni tó láṣẹ á fi tẹ “Valider” (fọwọ́ sí i). Ìlànà tó bójú mu ni, mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ àkáǹtì Administrateur nìkan ló fún ní àṣẹ “Valider”. Nítorí náà, ní àsìkò ọdún Iléyá tí ọjà ń tà, léèsì wà nílẹ̀, oníbàárà dúró, àǹtí ń pe fóònù ọkùnrin náà kó tó lè ta ọjà ara rẹ̀. Nígbà tí àǹtí ní kó gbé òdiwọ̀n náà sí 500.000, ọkùnrin náà ní 25.000 fráǹkì ni. Iṣẹ́ tí kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti nọ́ńbà, torí òun ni ìdẹ tó fi ń mú ènìyàn. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Benin kúrò ní fígọ̀ 8 tó di 10. 01 ni a fi síwájú ti àtijọ́: ẹni tí tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 97 wá di 0197. Odoo, ètò mìíràn tó jọ àwọn tó ṣáájú, ló gbé fún ẹ̀gbọ́n onípáàtì, ó sì kọ ìlànà aládàáṣe kan sínú rẹ̀ pé nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá tún ohunkóhun ṣe lójú ewé oníbàárà, kí ètò fi 01 síwájú nọ́ńbà rẹ̀. Kò sọ fún ètò náà pé kó kọ́kọ́ ka fígọ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣe é dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wọlé láti kọ àdírẹ́sì oníbàárà kan, ètò fi 01 mìíràn kún un, ó di 010197. Ó wọlé láti kọ owó tó san, ó di 01010197. Àwọn oníbàárà tó ń rajà jù, tí wọ́n ń ṣí ojú ewé wọn lójoojúmọ́, nọ́ńbà tiwọn ló bàjẹ́ jù.

Ẹ sì mọ bí ọjà wa ṣe rí. Àwọn tó ń wá láti Ìdíìrókò àti Àgbádárìgì pọ̀ nínú ìwé ẹ̀gbọ́n yìí, nọ́ńbà Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, onífígọ̀ 11, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú 080 tàbí 070. Wọ́n fi 01 síwájú ìyẹn náà. Oníbàárà tó jẹ owó ńlá ò ṣeé pè mọ́. Ọkùnrin náà wá béèrè 60.000 láti tún ohun tí òun fúnra rẹ̀ bà jẹ́ ṣe.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí, kí ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá yín ṣe é. Kó kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé náà jáde, kó tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ yín. Kó pàṣẹ fún ètò pé nọ́ńbà tó bá jẹ́ fígọ̀ 8 gééré, tí kò sì ní àmì orílẹ̀-èdè mìíràn, ni kó fọwọ́ kàn. Kó dán an wò lórí orúkọ bíi mẹ́wàá, kí ẹ pe àwọn kan nínú wọn kí ó tó ṣe ìyókù. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó sì pa ìlànà náà. Tó bá jẹ́ Excel ló fẹ́ lò, kó sọ òpó nọ́ńbà náà di “Texte” ṣáájú, torí Excel máa ń gbé òdo iwájú mì, 0197 á di 197. Mo ti rí ìwé tó pàdánù gbogbo òdo rẹ̀ báyẹn. Ẹni tí kò bá lè dáhùn àwọn nǹkan yìí kò yẹ kó fọwọ́ kan ìwé oníbàárà yín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n onípáàtì mú ẹlẹ́rìí lọ bá a, ó gbé àṣẹ àgbà lé wa lọ́wọ́. Mo ṣí ibi tí àwọn ìlànà aládàáṣe wà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó pè ní “Sauvegarde”. Ènìyàn á rò pé ẹ̀dà ìpamọ́ ni. Mo ṣí inú rẹ̀: gbogbo oníbàárà tuntun tí wọ́n bá ti kọ, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ohun tó rà ń lọ sí ímeèlì kan tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n náà ti ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Kútọnu ń fi orúkọ wọn gangan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. N kò rí ibi tó ti tà á, n kò sì ní sọ pé mo rí i. Ìlànà tó ń kó o jáde ni mo rí, mo sì ya àwòrán rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má wo ojú ewé àkọ́kọ́ tó dára nìkan. Ẹ ní kó ṣí ìlànà kọ̀ọ̀kan lójú yín, kó sọ ohun tó ń jí i dìde, ohun tó ń ṣe, àti ẹni tó ń ránṣẹ́ sí. Èyí tí kò bá lè ṣàlàyé fún yín ní Yorùbá tó yé yín, kó pa á.

Kí ẹ tó san owó tó gbẹ̀yìn, kí àkáǹtì àgbà wà lórí ímeèlì yín àti nọ́ńbà yín, kí ètò sì máa béèrè kóòdù lórí fóònù yín kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé síbẹ̀. Tí oníṣẹ́ bá fẹ́ àyè láti ṣàtúnṣe, ẹ ṣe àkáǹtì tirẹ̀ fún un, kí ẹ tì í tó bá ṣetán. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ máa lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan, torí lọ́jọ́ tí nǹkan bá sọnù, ètò á sọ orúkọ kan ṣoṣo, orúkọ náà á sì jẹ́ ti gbogbo yín. Kí olùtajà máa rí oníbàárà tirẹ̀, kí akápò lè kọ owó tó wọlé kó má lè pa á rẹ́, kí “Exporter” wà lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kúrò, ẹ ti àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má pa á rẹ́, kí àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe má bàa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti há sọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tíì bá a jà. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè fún ẹ̀dà ìwé oníbàárà yín ṣáájú, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Ẹ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ jọ sọ, ẹ̀rí owó MoMo tí ẹ fi ránṣẹ́, àti àwòrán ojú ewé àṣẹ yín. Ti Dolibarr rọrùn tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló wà: ẹni tó mọ dátábéèsì, ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ sí, lè bá yín yí ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà padà, báyẹn la ṣe gba ti àǹtí aláṣọ. Tó bá jẹ́ orí sáfà (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí ọkùnrin náà yá ní orúkọ ara rẹ̀ ni, ẹ nílò ẹlẹ́rìí.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Code du numérique wa, ìyẹn òfin ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì ní Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn, ẹni tí ẹ bá sì gbé iṣẹ́ náà fún, ohun tí ẹ ní kó ṣe nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe pẹ̀lú wọn. APDP ní Kútọnu, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ni wọ́n ń mú irú ẹ̀sùn yìí lọ. Ẹ rántí pé ẹ̀yin ni oníbàárà yín kó nọ́ńbà rẹ̀ fún, ọ̀dọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ wá béèrè.

Irọ́ kan ṣì kù tó ń pa: ó ń sọ fún àwọn ìyá àgbà pé àwọn tó ń gba owó orí ló ní kí oníṣòwò ra CRM. Fátúrà normalisée, ìyẹn ìwé ọjà títà tí ìjọba fọwọ́ sí, ni ẹ̀ka owó orí ń béèrè, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Mo gbọ́ pé ó ti ń lọ sí Pobè, ó sì fẹ́ dé Kétu kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá ní èèyàn tó ń tajà níbẹ̀, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Tó bá ti ṣe tiyín, ẹ ṣí ètò náà lónìí, kí ẹ wo orúkọ ẹni tó wà níwájú “Administrateur”.