Keukenhof àti oko túlíìpù Lisse: ẹ má lọ bí mo ṣe lọ nígbà àkọ́kọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ wo òdòdó ní Họ́láńdì. Lẹ́ẹ̀kíní, ìbínú ni mo gbé padà sí London. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù ká fi ipá mú ìyá mi kúrò níbẹ̀. Ibì kan náà ni o, òdòdó kan náà. Ọ̀sẹ̀ tí mo lọ ló yàtọ̀, àti ọkọ̀ tí mo wọ̀, àti ẹni tí mo bá lọ. Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń parí báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n náwó sí i. Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i.

Lisse ni ìlú náà ń jẹ́, ìlú kékeré láàrin Leiden àti Haarlem, kò jìnnà sí Amsterdam. Ibẹ̀ ni ọgbà Keukenhof wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 32, isu òdòdó (ìdí rẹ̀ tó rí bí alùbọ́sà) tí wọ́n sì máa ń fọwọ́ gbìn síbẹ̀ nígbà ìwọ́wé tó mílíọ̀nù méje. Wọn kì í ṣí i ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ lọ́dún, láti àárín oṣù kẹta dé àárín oṣù karùn-ún. Tí wọ́n bá ti tì í, wọ́n á hú gbogbo isu náà dànù, wọ́n á tún ọgbà ya ní ọ̀nà mìíràn fún ọdún tó ń bọ̀. Oṣù méjì ni fáàrí, oṣù mẹ́wàá ni iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í rèé: ọgbà yàtọ̀ sí oko. Àwọn fọ́tò tí ẹ ń rí lórí Instagram, tí àwọ̀ pupa, òféfèé àti àlùkò tẹ́ lọ gbọọrọ títí ojú ò fi lè tó o mọ́, kì í ṣe inú ọgbà ni wọ́n ti yà wọ́n. Oko àwọn àgbẹ̀ ni, ìta ọgbà ló wà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé bí mo bá ti san owó ẹnu ọ̀nà, mo ti san ti gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù karùn-ún ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kọ́kọ́ lọ. Bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò kan la bá lọ láti Amsterdam. N ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ká dúró sí ojú kan ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá ti kọjá kí ọkọ̀ tó yọ. Nígbà tí a dé Lisse, ẹni tó ń darí wa kéde pé wákàtí méjì la ní, pé ẹni tó bá pẹ́, kó wá ọ̀nà ara rẹ̀ relé. Wákàtí méjì, nínú ọgbà tí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú rẹ̀ tó kìlómítà 15! Ńṣe là ń sáré kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà.

Inú ọgbà ṣì lẹ́wà lọ́jọ́ náà, n ò ní parọ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn aṣọ́gbà ibẹ̀ ń dá: wọ́n á to isu òdòdó léra nínú ihò kan ṣoṣo, èyí tó máa ń pẹ́ yọ á wà nísàlẹ̀, èyí tó máa ń tètè yọ á wà lókè, tí ọ̀kan bá ń rọ, òmíràn á ti máa yọrí. Nítorí náà ọgbà kì í ṣófo. Ṣùgbọ́n oko ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ọlọ alátẹ́gùn kan wà létí ọgbà, ọlọ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1892 ní agbègbè Groningen, tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ní 1957. Wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gùn ún. Mo gùn ún, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: ewé tútù lásán. Kò sí pupa, kò sí òféfèé. Òkìtì òdòdó tí wọ́n ti bẹ́ lórí ló wà létí oko, tó ti ń jẹrà. Mo ní ṣebí wọ́n ti kórè, wọ́n ti tà á tán. Inú bí mi wọ inú bọ́ọ̀sì.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi wá bá àbúrò mi ọkùnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní Den Haag, ìlú kan ní Họ́láńdì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá mi. Àbúrò mi pè mí pé, "Àǹtí mi, Màámi ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá ká jọ mú wọn jáde." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ ara wa la ó fi ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin la mú, ọjọ́ Túsìdeè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí ogún yúróò lórí àgbàlagbà kan, tí a sì ní láti mú wákàtí tí a fẹ́ wọlé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la mú, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ tèmi lórí èyí: àwọn tó ń wá síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò mọ́. Láti Den Haag, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Leiden, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì wọ bọ́ọ̀sì 854 láti ibẹ̀ dé ẹnu ọgbà. Kò sí wàhálà kankan.

Hollandis ni Màámi ró lọ́jọ́ náà, wọ́n fi kóòtù àbúrò mi bò ó lórí nítorí òtútù. Mo ní, "Màámi, aṣọ yín ti délé." Wọn ò kọ́kọ́ gbà pé Họ́láńdì tí à ń pe aṣọ mọ́ ni ilẹ̀ tí àwọn dúró sí yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ pàdé wa kì í tilẹ̀ ṣe túlíìpù. Òdòdó kúkúrú kan ni, hyacinth, tó so pọ̀ bí ọkà bàbà, aláwọ̀ aró àti funfun. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn wá kí a tó rí i. Màámi dúró, wọ́n ní, "Ta ló da lọ́fíńdà síbí?" Wọ́n wá rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹyọ kan. Wọn ò já a o. Wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n sì wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n.

Gbọ̀ngàn onígíláàsì kan wà láàrin ọgbà tí wọ́n fi Willem-Alexander sọ lórúkọ. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ ti wo túlíìpù fínnífínní, torí pé oríṣiríṣi wọn ni wọ́n tò sójú kan, pẹ̀lú orúkọ wọn. Àwọn kan etí wọn rí jánganjàngan bí ẹni fi abẹ gé e, àwọn kan kún fọ́fọ́ bí orí gèlè. Èyí tí wọ́n ń pè ní Queen of Night, tí gbogbo ayé ń pè ní túlíìpù dúdú, mo sún mọ́ ọn dáadáa: kò dú. Àlùkò ni, àlùkò tó jìn bí omi ṣapá. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, pupa á hàn létí rẹ̀.

Àbúrò mi ló ń ṣe olùtumọ̀. Ó ní ohun tí Keukenhof túmọ̀ sí ni ọgbà ilé ìdáná, pé obìnrin ìjòyè kan tó jẹ́ alákòóso ilẹ̀ Họ́láńdì, Jacoba ti Bavaria, ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n ti ń já ewé ọbẹ̀ fún ilé ìdáná rẹ̀. Màámi ní, "Ṣé òdòdó yìí ni wọ́n fi ń sebẹ̀?" A rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti jẹ ẹ́ rí. Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, nígbà tí ogun ká wọn mọ́ tí oúnjẹ ò wọlé, isu túlíìpù ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ bọ̀ jẹ. Màámi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ibùsùn òdòdó kan, wọ́n ní, "Alùbọ́sà ni wọ́n jọ náà ni."

Ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà, mi ò lè sọ bó ṣe rí, torí pé mọ́ínmọ́ín àti ẹran díńdín la gbé lọ. Ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Ọ̀nà tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò sì fún wa ní wàhálà. Ajá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń mú wọn wọlé pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí ẹni tó ń bẹ̀rù ajá mọ̀.

Lẹ́yìn náà la wá lọ sí oko, ibi tí ọkàn mi wà láti àárọ̀.

Àwọn kan máa ń háyà kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, wọ́n á gùn ún yí oko ká. Bí ẹsẹ̀ yín bá le, ìyẹn ló dára jù. Ní tiwa, a wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbéra nítòsí ọlọ alátẹ́gùn yẹn. Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà. Iná mànàmáná ló ń wà á, kò pariwo, ó sì ń gba ojú omi tóóró láàrin oko lọ fún bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Màámi kọ́kọ́ ní àwọn ò wọ ọkọ̀ omi. Nígbà tí wọ́n rí i pé omi náà ò fẹ̀ ju títì ilé wa lọ, wọ́n wọ̀ ọ́.

A yí igun kan. Ilẹ̀ là. Pupa gbọọrọ, funfun gbọọrọ, òféfèé gbọọrọ, kò sí èyí tó wọ́ sínú èkejì. Màámi di èjìká mi mú. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ta òwú sílẹ̀ báyìí?" Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn rí á mọ ohun tí wọ́n rí: bí àwọn ahunṣọ ṣe máa ń na òwú aláràbarà sílẹ̀ níwájú òfì, tí wọ́n á gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè le. Mo ti wo fọ́tò oko yìí tó ẹgbẹ̀rún, kò sọ sí mi lọ́kàn rí.

Níwájú díẹ̀, ẹ̀rọ kan ń lọ lórí ebè aláwọ̀ pupa. Bó ṣe ń kọjá, orí òdòdó ń já bọ́, ewé nìkan ló ń kù lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan nínú ọkọ̀ wa figbe ta. Èmi náà fẹ́ kígbe, torí pé òkìtì tí mo rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Màámi ní kí ló ń ṣe wá. "Ṣé òdòdó ni wọ́n ń tà ni? Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni." Kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé ohunkóhun fún wa o. Wọ́n ní tábà ni bàbá àwọn gbìn ní Òkè-Ògùn, tí tábà bá ti yọ òdòdó, àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń rán lọ gé e lórí, kí agbára igi má bàa lọ sára òdòdó, kí ewé lè fẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà ni atukọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Isu ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tà. Wọ́n á jẹ́ kí òdòdó là kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n hú èyí tó bá lárùn, wọ́n á sì bẹ́ ẹ lórí kí oúnjẹ lè padà sínú isu.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá yé mi. Àtẹ ni ọgbà Keukenhof. Àwọn tó ń gbin isu òdòdó ló dá a sílẹ̀ ní 1949, wọ́n ṣí i fún aráyé ní 1950, títí di òní, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ ló ń fi isu sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbìn ín síbẹ̀ kí oníbàárà rí i. Ẹ wo àtẹ, ẹ gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo àtẹ tí kò dé oko, ìlàjì owó rẹ̀ ló jẹ. Oko ò sì ní dúró dè yín: láti ìparí oṣù kẹrin ni ẹ̀rọ ti ń wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lọ ní ìparí oṣù kẹta, hyacinth àti òdòdó òféfèé tí wọ́n ń pè ní daffodil lẹ máa bá jù. Àárín oṣù kẹrin dé bí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n ni ti túlíìpù, òtútù ọdún sì lè fà á síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ inú oko nítorí fọ́tò. Mo rí àwọn kan tí wọ́n dùbúlẹ̀ sáàrin ebè. Oko olóko ni, bàtà yín sì lè gbé àrùn láti oko kan bọ́ sí èkejì. Àrùn túlíìpù ní ìtàn tirẹ̀: àwọn túlíìpù abìlà tí àwọn ará Họ́láńdì ń ra ẹyọ kan ní owó ilé, kí ọjà náà tó dojú dé ní oṣù kejì 1637, kòkòrò àrùn ló fún wọn ní ìlà yẹn. Ẹ dúró létí ọ̀nà. Fọ́tò Màámi tó dára jù, etí títì la ti yà á.

Màámi fẹ́ gbé isu lọ gbìn sẹ́yìnkùlé n'Ísẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn olùtajà kì í gbé e lé yín lọ́wọ́ nígbà náà; ẹ máa sanwó ni, wọ́n á fi ránṣẹ́ nígbà ìwọ́wé tó bá tó gbìn. Èkejì, túlíìpù ò lè yọ òdòdó láìfi òtútù jẹ fún bí oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùtajà ní wọ́n lè kó o sínú fíríìjì. Màámi wo àbúrò mi. "Oṣù mẹ́ta? Pẹ̀lú iná tiwa?"

Ilé àbúrò mi ni wọ́n ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Queen of Night. Ó gbìn wọ́n sínú agbada ìfọṣọ lórí bálíkónì. Láti oṣù kìíní ni Màámi ti ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á wá ní kó gbé fóònù síta kí àwọn rí i bóyá ó ti hù.