Báàgì ẹ̀yìn lítà 50 fún wíkẹ́ǹdì lórí òkè: ó dáa gan-an

Tẹ́ ẹ bá ń kó ara yín jọ lọ sùn lórí òkè ní wíkẹ́ǹdì, báàgì lítà 50 yìí tó yín dáadáa, torí ẹ máa pín ẹrù àjọlò, ẹnì kan gbé tẹ́ǹtì, ẹlòmíì gbé sítóòfù àti ìkòkò. Ohun tó wù mí jù ni bẹ́líìtì ìbàdí ẹ̀, ó nípọn, tẹ́ ẹ bá fà á le, ìbàdí ló máa ru ọ̀pọ̀ ẹrù yẹn, èjìká ò ní máa dùn yín. Síìpù wà nísàlẹ̀ fún báàgì ìsùn, ẹ kó èyí tó wúwo sáàárín kó fara ti ẹ̀yìn, kí jákẹ́ẹ̀tì òjò wà lókè pátápátá. Ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù o! Tẹ́ ẹ bá gun òkè tó 1,000 mítà, ojú ọjọ́ máa ń fi bíi 6.5°C tutù sí i. Àléébù ẹ̀ ni pé kò ní ìbòrí òjò, omi sì máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ yáa fi ọ̀rá ńlá tẹ́nú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó nǹkan sí i. Àpò ẹ̀gbẹ́ náà há jù fún ìgò omi ńlá, ìyẹn ni mo ṣe fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5.