Láítà onípẹtiróòlù mi: kì í ṣe epo ló tán

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo láítà yìí. Lóṣù tó kọjá, mo yí wíìlì rẹ̀ títí àtàǹpàkò mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, iná ò ta dáadáa. Mo rọ epo sí i, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo tú síkúrúù ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé òkúta iná ti jẹ tán, kò ju orí ìṣáná lọ; sípíríǹgì ò lè tì í kan wíìlì mọ́. (Ẹnu lásán la fi ń pè é ní òkúta, àdàlù irin àti mẹ́táàlì kan tí ń jẹ́ cerium ni.) Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ha ìdọ̀tí inú eyín wíìlì, mo ki òkúta tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó gbiná! Síkúrúù yẹn nìkan ló ń bí mi nínú: sípíríǹgì ti fò mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún láítà náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin.