Kẹ̀kẹ́ gígùn láti Aramọkọ dé Ìpólé-Ìlórò: bí ìrìn ọjọ́ kan ṣe rí fún wa

Ẹni tó ń wá ibi ìje kẹ̀kẹ́ kọ́ ni mò ń kọ èyí fún. Àwa tí a kàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí a rí oko, kí a rí òkè, kí a jẹun dáadáa, kí a sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ọ̀rẹ́ kan wà l'Ádó-Èkìtì tí wọ́n kóra jọ, tí wọ́n ń ṣètò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó. ₦15,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Kẹ̀kẹ́, akoto, omi mímu, bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Owó ìwọlé sí ibi omi gbígbóná Ìkògòsì àti ibi omi Arinta tó ń já bọ́ láti orí àpáta, kálukú ló san tirẹ̀. Owó náà tọ́, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì lágbára.

Ohun tó mú kí ọjọ́ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ ni òfin kan tí wọ́n fi lélẹ̀ kí a tó gun kẹ̀kẹ́ rárá: ẹni tó bá rọra jù ni gbogbo wa á tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, tí òkè àkọ́kọ́ bá sì ti yọjú, àwọn géńdé á ti fẹsẹ̀ fẹ, wọ́n á fi àwọn àgbà sílẹ̀ sínú oòrùn. Ti àwọn wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá tó ń ṣáájú wà níwájú, ọmọkùnrin kan tó so àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, àárín àwọn méjèèjì ni gbogbo wa wà. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, a máa dúró títí a ó fi pé. Bàbá kan wà pẹ̀lú wa, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lé ní 70 ọdún. Bí Bàbá ṣe ń lọ ni gbogbo wa ṣe lọ, mi ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn.

Bọ́ọ̀sì ló kó àwa àti kẹ̀kẹ́ gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Aramọkọ. Wọ́n gbọ́n lórí èyí. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe fàájì, torí tírélà àti tipa ń gbabẹ̀, ẹni tó bá wà létí títì ni wọ́n á sì fún ní eruku jẹ. Aramọkọ la ti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, a yà sí ọ̀nà Erínjìyàn, ibẹ̀ ni ariwo mọ́tò ti dínkù. Láti ibẹ̀ dé Ìkògòsì, nǹkan bí 20 kìlómítà ni. Ẹni tó bá ń sáré á ti dé kí àárọ̀ tó lọ. Àwa fi gbogbo àárọ̀ rìn ín.

Ìparí oṣù kọkànlá la lọ, ìgbà tí wọ́n ń sá kókó. Òórùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí i, òórùn kíkan tó máa ń wá lára kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màmá kan wà níwájú ilé wọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́ kókó lórí tàpólì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí èyí tó wà nísàlẹ̀ náà lè rí oòrùn. A kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé kò sí tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn yìí?" A ní àlàáfíà ni, fàájì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n mú hóró kókó kan fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n wá mú òmíràn láti inú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ti gbẹ, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́ú, èèpo rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ní bí àwọn tó ń ra kókó ṣe máa ń dán an wò nìyẹn kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n. Mo ti wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà yìí lọ sí Ìkògòsì rí, kókó tó wà létí títì ò ju nǹkan pupa kan tó ń sáré kọjá lójú fèrèsé lọ.

Kí a tó dé Erínjìyàn ni ìṣó gún táyà àǹtí kan. Bí ọmọkùnrin àpótí irinṣẹ́ ṣe ṣe é wú mi lórí. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yọ táyà, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú túùbù, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú abọ́ omi díẹ̀díẹ̀ títí tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lójú kan. Ó fi ìka di ibẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, ó fi sọ̀lúṣọ̀n pa á. Kò tíì lẹ nǹkan mọ́ ọn o. Ó ní kí sọ̀lúṣọ̀n gbẹ díẹ̀ ná, torí èyí tí wọ́n bá lẹ ní tútù kì í pẹ́ ṣí. Kó tó dá túùbù padà, ó ki ọwọ́ sínú táyà, ó sì yọ ìṣó tó gún un. Táyà yẹn ò jò mọ́ títí a fi délé.

Ní ti òkè, Èkìtì ni a wà, òkè ò lè ṣe kó má sí. Bọ̀dá tó ṣáájú kọ́ wa pé kí a ti fi kẹ̀kẹ́ sí gíà tó fúyẹ́ kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá wúwo kó tó yí gíà lè já ṣéènì. Ẹni tí kò bá lè gùn ún, kó sọ̀, kó fà á. Nígbà tí a ń fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ni Bàbá ń sọ bí bàbá tiwọn ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ Raleigh di iṣu wálé láti oko, tí àwọn ọmọ á máa ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn bí wọ́n bá dé ibi òkè. Irú ìtàn báyìí, ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń rọra rìn nìkan la ti ń gbọ́ ọ.

Ibi ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkògòsì ni mo ti bínú. Ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n háyà fún wa, rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán. Arábìnrin tó wà lórí rẹ̀ pariwo, ó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì yà sínú koríko kó tó dúró. Ọlọ́run ló ṣe é, kò fara pa. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ fún un, ó sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n Adó ló yẹ kí wọ́n ti yẹ bíréèkì gbogbo kẹ̀kẹ́ wò, kì í ṣe orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo sọ ọ́ lójú wọn, mo tún ń sọ ọ́ níbí: ẹ̀mí èèyàn ni.

Ìkògòsì fúnra rẹ̀ ò nílò ìpolówó. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ igi, wọ́n sì pàdé. Ẹsẹ̀ tó ti fi gbogbo àárọ̀ yí pẹ́dà, tí a wá tẹ̀ bọ omi gbígbóná yẹn, ìtura ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.

Ìpólé-Ìlórò ò jìnnà sí i, ibẹ̀ ni omi Arinta ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Omi náà kò pọ̀ lásìkò tí a lọ, torí òjò ti dá. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nígbà tó ń hó yàà, kó lọ lóṣù kẹsàn-án, àmọ́ kó mọ̀ pé òjò lè pa á lórí kẹ̀kẹ́. Èmi fara mọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn Arinta ni wọ́n tó fún wa ní iyán àti ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Inú odó ni wọ́n ti gún iyán náà lójú wa, kò ní kókó kankan. Ó dára bí wọ́n ṣe fi í sí ìparí, ta ló fẹ́ gun òkè pẹ̀lú iyán nínú? Ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì ti wá kó wa.

Àwọn tó kù tí inú mi ò dùn sí: aago méje àárọ̀ ni wọ́n pè wá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni bọ́ọ̀sì gbéra, ìyẹn ló jẹ́ kí oòrùn bá wa lórí òkè tó yẹ kí a ti kọjá. Wọn ò sì ronú sí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwa obìnrin. Láti Aramọkọ títí dé Ìkògòsì, ilé ẹni ẹlẹ́ni la ti ń tọrọ àyè. Àwọn ará Erínjìyàn ṣe wá lálejò, kí Ọlọ́run bù kún wọn, ṣùgbọ́n kí àwọn tó gbowó lọ bá ilé kan sọ ọ́ ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ bí ẹ ṣe ga tó fún wọn nígbà tí ẹ bá ń sanwó, kí wọ́n lè bá yín wá kẹ̀kẹ́ tó bá ẹsẹ̀ yín mu. Ẹ mú aṣọ kan dání fún ìpààrọ̀ ní Ìkògòsì. Ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ yín sínú bọ́ọ̀sì, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì wò fúnra yín, tiwájú àti tẹ̀yìn.