New Afrika Shrine, Ìkẹjà: ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Afrobeat bó ṣe yẹ kó dún, Agídìǹgbì ni kí ẹ gbà lọ. Ibẹ̀ ni New Afrika Shrine, gbọ̀ngàn orin tí Fẹ́mi Kútì àti Yẹni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣí lọ́dún 2000, wà. Fẹ́mi máa ń rìnrìn àjò lọ ṣeré lókè òkun, nítorí náà ẹ wo ìkéde wọn kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ má lọ lẹ̀ mọ́ iwájú pèpéle. Béèsì tó ń jáde láti inú sípíkà máa ń bo fèrè mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrè yẹn gan-an ni adùn orin náà. Ẹ dúró láàárín gbọ̀ngàn, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀; níbẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ bí gìtá méjì ṣe ń dáhùn ara wọn tí ìlù sì gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ó dùn dé ọ̀rá inú egungun!

Èéfín pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó ronú dáadáa.

Oṣù Kẹwàá, nígbà Felabration tí Yẹni dá sílẹ̀ lọ́dún 1998 láti fi ṣàjọyọ̀ ọjọ́ ìbí Fẹlá, bàbá wọn, èrò máa ń ya bí omi. Ẹ tètè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi fóònù sápò iwájú, ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dákú nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń ṣe tiránsífà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.